Bébà ọlọ́nà: èwo ló yẹ fèrèsé, èwo ló yẹ ògiri, èwo ló yẹ ìnáwó?

Àwọn tó ń bi mí nípa bébà ọlọ́nà, ìyẹn bébà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì tàbí abẹ gé ọnà sí, yálà ìyàwó ọ̀ṣìngín tó fẹ́ tún pálọ̀ ṣe ni o, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ ṣe kíláàsì lọ́ṣọ̀ọ́, ìbéèrè kan náà ló sábà máa ń wà lẹ́nu wọn: "Èwo ló wẹ́ jù?" Mo mọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ wínníwínní máa ń wu ojú, ọwọ́ tó sì lè fi abẹ ya ìyẹ́ ẹyẹ níkọ̀ọ̀kan sára bébà tọ́ sí ìyìn. Àmọ́ bí ẹ bá fi wíwẹ́ nìkan yan iṣẹ́, ẹ lè gbé e délé kó má tàn rárá.

Ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ọnà yìí, ibi tí wọ́n gé dà nù ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tó bá sì wà lẹ́yìn ihò náà, ìmọ́lẹ̀ ni o, ògiri ni o, bébà mìíràn ni o, ojú ọ̀run ni o, òun ló máa sọ bóyá iṣẹ́ náà á fani mọ́ra níbi tí ẹ gbé e kọ́ sí. Ará Ìlọrin kò ṣàjèjì sí èyí. Ẹni tó mọ léèsì rà, kó tó dúnàádúrà rárá, yóò ti gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, yóò ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wo bí ojú rẹ̀ ṣe là sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe sí bébà.

Ilẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí: Ṣáínà, Póláǹdì, Tọ́kì àti Mẹ́síkò. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà dáhùn ọ̀rọ̀ ihò yìí.

Fèrèsé Ṣáínà, ògiri Póláǹdì

Ṣáínà ni ìtàn bébà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 105 ni ìwé ìtàn wọn sọ pé Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin, fi ọ̀nà tó ń gbà ṣe bébà han ọba. Àwọn bébà gígé tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí, agbègbè Turpan ní Xinjiang ni wọ́n ti hú wọn jáde, wọ́n sì ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Róbótó ni wọ́n, wọ́n ṣẹ́ bébà náà po kí wọ́n tó gé e, ọnà rẹ̀ sì dọ́gba yíká. Ní 2009 ni UNESCO kọ ọnà yìí mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ti Ṣáínà fi bá fèrèsé mu, ẹ rántí pé kì í ṣe gíláàsì ló wà lójú fèrèsé wọn láyé àtijọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ra ni, bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń bò ó. Bí ọdún tuntun wọn bá ń bọ̀, wọ́n á pààrọ̀ bébà funfun yẹn, wọ́n á wá lẹ ọnà pupa mọ́ ọn, nítorí pupa ni àwọ̀ ayọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́sàn-án, ẹni tó wà nínú ilé ló ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú ihò wọlé. Lálẹ́, bí wọ́n bá tan àtùpà, ó di ti ẹni tó ń kọjá lójú títì. Ìmọ́lẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé e, ẹni tó bá sì lè dá méjèèjì mọ̀ ti kúrò ní ọ̀gbẹ̀rì. Nínú èkíní, tí wọ́n ń pè ní yang, wọ́n á gé ara àwòrán dà nù, ìlà tó yí i ká nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀. Gbogbo ìlà yẹn gbọ́dọ̀ so kọ́ra. Bí ẹyọ kan bá já, ojú ẹyẹ lè já bọ́ sílẹ̀. Èkejì, yin, ni òdìkejì rẹ̀: ara àwòrán ni wọ́n fi sílẹ̀, ìlà ni wọ́n gé yọ. Yin wúwo lójú, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè ya. Àwọn ọ̀gá a máa pa méjèèjì pọ̀ sínú iṣẹ́ kan, kí àyà àkùkọ jẹ́ yin, kí ìrù rẹ̀ jẹ́ yang, kí ojú lè rí ibi tó máa sinmi sí.

Ẹ mú iṣẹ́ wọn kan, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú dáadáa. Gígé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eyín ayùn: ṣóńṣó kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹranko àti etí òdòdó. Òmíràn wà tí wọ́n fi oṣù tuntun sọ lórúkọ, ó tẹ̀ kọdọrọ, orí rẹ̀ méjèèjì mú. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìpéǹpéjú àti ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po. Ibi eyín ayùn yìí ni mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, á máa gùn sí i bó ti ń tẹ̀lé àyà ẹyẹ náà, á tún máa kéré lọ, ẹ kò sì ní rí ibi tí sísọ́ọ̀sì ti dúró. Ti ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, gbogbo eyín náà a máa ga bákan náà, ẹyẹ náà á wá gan paali.

Kì í ṣe gbogbo Ṣáínà ló ń gé e bákan náà. Ní àríwá Shaanxi, gàdàgbà ni, ó ní agbára, ẹ lè dá a mọ̀ láti ìta. Ní Yangzhou ó wẹ́ gan-an. Ní Yuxian, ní ìpínlẹ̀ Hebei, ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n ń lò dípò sísọ́ọ̀sì, bébà funfun ni wọ́n ń gé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi aró oríṣiríṣi kùn ún. Fún fèrèsé, ti Shaanxi ni mo máa ń ní kí wọ́n yàn. Iṣẹ́ tó bá wẹ́ jù lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn wa ní Ìlọrin a máa gbé ìlà rẹ̀ mì, ẹ ó kàn rí nǹkan pupa kan tó dà rú.

Póláǹdì wá gba ibòmíràn lọ. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà aláwọ̀, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹfun kùn ún nítorí ọdún. Sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun ìyanu ni kí irú irin bẹ́ẹ̀ gé etí ewé kékeré láì ya á. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba ẹ̀yìn ògiri wá, nítorí náà àwọ̀ àti ìrísí ni wọ́n gbójú lé.

Ibi méjì ló gbajúmọ̀ níbẹ̀, wọn kò sì jọra. Ní agbègbè Kurpie, ẹyọ bébà kan, àwọ̀ kan. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé ìdajì, wọ́n á ṣí i, ọ̀tún á sì bá òsì dọ́gba. Èyí tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni leluja, igi kan tó dúró gangan láàárín, ẹ̀ka rẹ̀ yà sọ́tùn-ún sósì, ẹyẹ méjì sì kọjú síra wọn. Ní Łowicz, ìpele lórí ìpele ni. Wọ́n á gé àkùkọ dúdú, wọ́n á lẹ pupa tó kéré sí i lé e, ewéko lé ìyẹn, ìyeyè lé e, títí ìyẹ́ kan ṣoṣo á fi ní àwọ̀ mẹ́rin. Àwọ̀ ti dí ihò pa. Wọ́n tún ń ṣe èyí tó gùn gbọọrọ, tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán ìgbéyàwó àti iṣẹ́ oko.

Bí ẹ bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Łowicz ló máa kọ́kọ́ fa ojú ọmọdé àti àlejò. Kurpie ló máa ń pẹ́ lójú onílé. Pálọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ní òdòdó, tí kọ́tínì rẹ̀ náà ti ní òdòdó, ẹ má gbé Łowicz lọ síbẹ̀, ìjà ni wọ́n á máa bá ara wọn jà. Kurpie aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lórí ògiri funfun, nínú férémù, ni kí ẹ yàn. Bó bá sì jẹ́ ògiri tó gbòòrò tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, bí ti yàrá ìjẹun tàbí ti kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ gbé Łowicz lọ tayọ̀tayọ̀.

Ẹnì kan wà ní Ṣáínà tó fi hàn pé ààlà tí mo là sáàárín fèrèsé àti ògiri kò le koko. Ku Shulan, obìnrin àgbẹ̀ kan ní Xunyi ní Shaanxi, tó gbáyé láti 1920 dé 2004, a máa gé bébà aláwọ̀ wẹ́wẹ́, a máa lẹ̀ wọ́n léra títí àwòrán náà á fi bo ògiri ilé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ bá ti Łowicz tan ju ti fèrèsé lọ.

Ilé tí wọ́n ti ń kírun: ẹ wo ti Tọ́kì

Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí ní Ìlọrin kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí níbi tí wọ́n ti ń kírun. Ẹja, àkùkọ àti ẹyẹ leluja ti bọ́ síta nìyẹn. Ẹ má torí bẹ́ẹ̀ rò pé bébà gígé kò sí fún yín. Àwọn Ottoman, tó ṣèjọba Tọ́kì láyé àtijọ́, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní katı', láti ìlú Herat, ní ilẹ̀ Afganísítánì òde òní, ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn sì kàn jù nídìí rẹ̀ ni Fahri ará ìlú Bursa ní Tọ́kì, lásìkò Sultan Ahmed Kìíní, tó jọba láti 1603 sí 1617. Ọgbà òdòdó ni ó ń fi bébà ṣe, ó sì ń gé ìkọ̀wé Lárúbáwá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá fi abẹ yọ lẹ́tà lódindi lára bébà, iṣẹ́ méjì ló jáde. Lẹ́tà tí wọ́n yọ, akọ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bébà tó wá ní ihò tí lẹ́tà náà fi sílẹ̀, abo ni, wọ́n á fi àwọ̀ mìíràn sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n sọ nù. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí mo ń kà sílẹ̀ yìí, n kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti bu ọlá fún ihò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́rẹ, n kò mọ ohun tó dára jù èyí: akọ fún pálọ̀, abo fún yàrá, ọ̀rọ̀ kan náà nínú férémù méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tó-tò, àmì kékeré tó máa ń wà lókè tàbí lábẹ́ lẹ́tà Lárúbáwá. Bá, tá àti thá, ojú kan náà ni wọ́n ní, tó-tò ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó-tò kì í sì í so mọ́ lẹ́tà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gé e, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún àáfà kó kà á jáde kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tún kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sínú férémù, nítorí ibi tí wọ́n ti ń fi sí férémù gan-an ni tó-tò ti sábà máa ń já.

Katı' kì í ṣe ohun tí à ń wò láti òkèèrè. Inú ìwé ni wọ́n ń fi púpọ̀ rẹ̀ sí, kí ẹni tó ń wò ó lè gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ènìyàn lè dúró tì, kì í ṣe lókè àjà.

Ìnáwó: Mẹ́síkò ló mọ ìyẹn ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ ta ọnà láti òpó kánópì dé òpó kánópì níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ má nawó sórí ti Ṣáínà. Papel picado ti àwọn ará Mẹ́síkò ni kí ẹ ṣe. Ìlú San Salvador Huixcolotla ní ìpínlẹ̀ Puebla ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi wé ẹ̀bùn níbí. Wọ́n á kó o léra, nígbà mìíràn tó àádọ́ta, wọ́n á fi bátànì lé orí rẹ̀, wọ́n á wá máa fi òòlù lu irin olójú mímú wọlé títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ìlù kan, ihò ní àádọ́ta bébà. Òun ló fà á tí owó rẹ̀ kò fi wọ́n, òun náà ló sì fà á tí ọnà rẹ̀ fi ní ihò púpọ̀: irin ń dá ihò, kì í fa ìlà gígùn.

Ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn ihò níbí, afẹ́fẹ́ náà ń gba inú rẹ̀ kọjá, bébà á máa jó. Ẹ má wá iṣẹ́ tó wẹ́ níbẹ̀, ẹ wá àwọ̀ tó pọ̀. Ẹ gé orúkọ ìyàwó àti ọkọ sí i, ẹ gé òdòdó. Àwọn agbárí àti egungun tó wọ́pọ̀ lára rẹ̀, ti ọdún ìrántí òkú wọn ní oṣù kọkànlá ni, kò bá ìkómọ lọ.

Ohun kan ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á gbọ́ lẹ́nu mi: ẹ má gé ọ̀rọ̀ Kùránì tàbí orúkọ Ọlọ́run sí bébà ìnáwó. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bí kánópì bá tú, ilẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí, ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, gọ́tà á gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, férémù ni ilé rẹ̀.

Méjì tí mo fẹ́ fẹnu bà

Súwísàláǹdì ní Johann Jakob Hauswirth, tó gbáyé láti 1809 sí 1871, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó tún ń sun èédú. Màlúù tó ń gun òkè lọ jẹko ni ó fẹ́ràn láti gé, wọ́n tò léra gbọọrọ, darandaran wọn ń bẹ níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ bébà tó ń sọ ìtàn, irú èyí ni kí ẹ wò, àwa náà sì ní ohun tí a lè gé báyìí: ẹṣin àti àwọn tó gùn wọ́n lọ́jọ́ tí Ẹ́míà bá jáde ní Ìlọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan gé e.

Jàpáànù ní katagami, bébà tí wọ́n fi omi èso kan rẹ kó lè le, tí wọ́n gé ọnà sí, tí wọ́n wá ń fi tẹ ọnà sára aṣọ. Àwọn tó mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta á rí ìbátan rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí páànù gígé ni wọ́n ń gba ojú rẹ̀ fi ẹ̀kọ sí aṣọ níbẹ̀. Irinṣẹ́ ni katagami, kì í ṣe ohun ìkọ́ sára ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń gbé e kọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi òwú sílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ di àárín bébà méjì mú, kí ibi tí kò so mọ́ nǹkan kan má baà já.

Ti ọwọ́ àbí ti ẹ̀rọ?

Ẹ̀rọ tó ń gé káàdì ìpè ìgbéyàwó ti wà káàkiri, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún yín pé ti ẹ̀rọ ni. Iye owó ti ọwọ́ ni kí ẹ má san lé e lórí. Ẹ wo etí ihò: ẹ̀rọ oníná a máa fi àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ sílẹ̀ lára bébà funfun. Ẹ wo igun: abẹ tí ọwọ́ dì mú a máa kọjá igun díẹ̀, bí irun. Bí wọ́n bá ní Kurpie ni, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po láàárín. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ béèrè.

Fún àwọn olùkọ́ ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tó fẹ́ kí ọmọ ṣe é fúnra wọn nítorí Kérésìmesì tàbí òpin táàmù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Kurpie. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ṣíṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan, sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé apá tó ṣẹ́ po kò gbọ́dọ̀ gé tán, torí bó bá tán, igi á pín sí méjì. Ìyẹn nìkan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Òjò, ọyẹ́ àti aáyán

Bébà ń mu omi inú afẹ́fẹ́ lákòókò òjò, ó sì ń gbẹ, ó ń ká lákòókò ọyẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa pátápátá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á wú, á sì ya. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ibi mélòó kan péré. Bébà pupa olówó pọ́ọ́kú, aró rẹ̀ ń ṣàn bí omi bá kàn án, oòrùn sì ń mú kó ṣá, nítorí náà ti fèrèsé kì í ṣe ohun ayérayé. Àwọn tó ni í gan-an, ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹra fún sítáàṣì inú ilé, aáyán á bá yín jẹ ẹ́, tọnàtọnà. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò sàn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lámínéètì rẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo nǹkan ni a ń lámínéètì, títí kan ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn á wọ ojú ihò, á máa dán, òjìji tí bébà máa ń fi sára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì lọ. Férémù ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín bébà àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí àlàfo kékeré wà. Òjìji náà wà nínú ohun tí ẹ sanwó fún.

Bí ẹ bá ń lọ bẹ iṣẹ́, ẹ mú ìwọ̀n ibẹ̀ dání, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti lálẹ́ tí iná bá wà ní títàn. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ ọnà náà ohun tó máa wà lẹ́yìn ihò. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín, kó tó bi yín nípa àwọ̀.